A tẹ èyí, tọ̀hún ń kọrin

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí àbúrò mi kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ orin pè mí lórí fóònù. Kò tilẹ̀ kí mi tán tó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, synth mi ti kú."

Synth ni kíbọ́ọ̀dù tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn orin sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo bi í pé báwo ló ṣe kú. Ó ní òun ń tẹ kíbọ́ọ̀dù tuntun òun, òun sì ń rí i lójú kọ̀ǹpútà pé iná ń fò sókè sódò, ṣùgbọ́n synth kò fọhùn rárá.

"Tí o bá tẹ kíì orí synth fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ìyẹn ń dún o. Àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn."

Synth tó ń dún kò tíì kú. Mo ní kó má tú nǹkan kan, kó má yọ wáyà kankan, màá yọjú lọ́jọ́ kejì. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí. Mo kọ ọ́ ní kíkún nítorí pé kì í ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo. Bí a bá ti yanjú ọ̀kan báyìí ni òmíràn á yọ orí jáde lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá sì dúró síbi ti àkọ́kọ́ á gbà pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Synth náà jẹ́ ti ìgbà tí USB kò tíì dé: kíì 61, ihò MIDI mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n kọ In, Out àti Thru sí (MIDI ni èdè tí ẹ̀rọ orin fi ń rán iṣẹ́ sí ara wọn), ihò ohùn méjì, ọ̀kan fún apá òsì, ọ̀kan fún apá ọ̀tún, àti ihò headphone kan. Àwọn ohùn inú rẹ̀ ṣì dùn gan-an, pàápàá àwọn ohùn fèrè, ṣùgbọ́n kíì mẹ́jọ ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ti dákẹ́, ibi tí ọwọ́ sì ń wà jù lọ nìyẹn. Ìkejì ni kíbọ́ọ̀dù kíì 88, tí kíì rẹ̀ wúwo lọ́wọ́ bíi ti piano, tí kò ní ohùn kankan nínú ara rẹ̀. USB nìkan ló fi ń bá ayé sọ̀rọ̀. Láptọ́ọ̀pù wà níbẹ̀, REAPER, ètò tí a fi ń gba orin sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, wà lórí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni audio interface, àpótí kékeré tó ń gba ohùn wọ inú kọ̀ǹpútà, tó ní ihò ohùn méjì níwájú àti ihò MIDI méjì lẹ́yìn. Ohun tí àbúrò mi fẹ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: kí òun tẹ kíbọ́ọ̀dù 88, kí synth kọrin, kí orin náà wọ inú REAPER.

Out sí Out

Ẹ̀yìn synth ni mo kọ́kọ́ wò. Wáyà MIDI méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jáde láti ihò Out ti audio interface, ó sì wọ inú ihò Out ti synth. Èkejì lọ láti In sí In.

"Ta ló kọ́ ẹ báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí orúkọ wọn bára mu."

Mi ò lè bá a wí. Bí wáyà ẹ̀yìn tẹlifísàn ti kọ́ gbogbo wa náà nìyẹn, pupa sí pupa, funfun sí funfun. Ti MIDI yàtọ̀. Out ni ẹnu ẹ̀rọ, In ni etí rẹ̀. Bí ẹnu bá kọjú sí ẹnu, tí etí sì kọjú sí etí, ta ló máa gbọ́ ta?

Ó ń bẹ̀rù pé òun ti fi ìyẹn sun nǹkan kan níná. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe ihò In ni pé iná mànàmáná ẹ̀rọ kan kì í wọ inú ẹ̀rọ kejì ní tààrà: iná bíńtín kan ló ń ṣẹ́jú nínú lọ́hùn-ún, ohun kékeré mìíràn tó ń wo ìṣẹ́jú yẹn ló sì ń ka ohun tí wọ́n rán. Nítorí èyí, wáyà MIDI kì í gbé ariwo hùn-ùn láti ara kọ̀ǹpútà wọ inú synth. Wáyà ohùn lè gbé e o, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Mo yí wọn padà: Out ti interface sí In ti synth, Out ti synth sí In ti interface. Mo ṣí ojú ewé MIDI Devices nínú Preferences ti REAPER. Kíbọ́ọ̀dù 88 wà níbẹ̀, ó ti tàn án. Ṣùgbọ́n ihò MIDI ti interface, ní apá ibi tí REAPER ti ń rán nǹkan jáde, kò tàn án rárá, nítorí pé kò mọ̀ pé REAPER ní láti rán ohunkóhun síta. Mo tàn án. Mo ṣí track kan, ìyẹn ìlà kan nínú REAPER tí a ń gba nǹkan sílẹ̀ sí, mo fi kíbọ́ọ̀dù 88 ṣe ohun tí track náà ń gbọ́, mo tẹ bọ́tìnì pupa rẹ̀, mo tan monitor rẹ̀ kó lè máa gbé ohun tó ń gbọ́ kọjá lójú ẹsẹ̀, mo sì lọ sí ibi Route, níbi MIDI Hardware Output, mo yan ihò MIDI ti interface.

Mo tẹ kíì kan. Iná kékeré kan lójú synth ṣẹ́jú. Mo tún un tẹ̀, ó tún ṣẹ́jú. Spíkà pa lọ́lọ́.

"Ṣé ẹ rí i báyìí? Mo ní ó ti kú."

Mo gba headphone lọ́rùn rẹ̀, mo ki ẹnu wáyà rẹ̀ bọ ihò iwájú synth, mo fi lé e létí, mo wá tẹ kọ́ọ̀dù kan lórí kíbọ́ọ̀dù 88. Ojú rẹ̀ là.

Ohun tí MIDI ń gbé

Kò sí wáyà kankan tó ń gbé ohùn láti ara synth lọ sí interface. Ihò ohùn méjèèjì ṣófo, eruku wà nínú wọn. Àbúrò mi gbà pé wáyà MIDI tó gbé ìtẹ̀ lọ ló máa gbé ohùn padà wá. Èrò yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, mo ti bá a lọ́dọ̀ àwọn tó ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó fà á ni pé ẹni tó bá ti ń lo ohùn inú kọ̀ǹpútà kò nílò ọ̀nà àbọ̀. Kíbọ́ọ̀dù rán iṣẹ́ wọlé, ohùn jáde látinú kọ̀ǹpútà kan náà. Tí ohùn bá wá wà nínú ẹ̀rọ mìíràn lóde, ọ̀nà di méjì: ọ̀kan tí iṣẹ́ ń gbà lọ, ọ̀kan tí ohùn ń gbà bọ̀.

MIDI kì í gbé ohùn. Ìránṣẹ́ ni. Nígbà tí a tẹ C àárín lórí kíbọ́ọ̀dù, nọ́ńbà mẹ́ta péré ló lọ: ọ̀kan sọ pé "tẹ nóòtì lórí chánẹ́ẹ̀lì 1", èkejì sọ pé "nóòtì 60", ẹ̀kẹta sọ bí ìka ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, láti 1 títí dé 127. Nígbà tí a gbé ọwọ́ kúrò, nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn lọ pé kó dákẹ́. Bóyá fèrè ló máa dún ni, bóyá dùrù ni, MIDI kò mọ̀. Synth ló mọ̀.

Kódà bó bá wu wáyà yẹn láti gbé ohùn, kò lè gbé e. Bit (ẹyọ 0 tàbí 1) 31,250 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìwọ̀n eré wáyà MIDI tó ní irin márùn-ún lẹ́nu yìí. Ohùn alápá méjì, òsì àti ọ̀tún, bíi ti CD nílò 1,411,200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ó lé ní ìlọ́po márùndínláàádọ́ta.

Mo fi kún un fún àbúrò mi, nítorí pé ó ń ṣàníyàn pé synth rẹ̀ ti gbó jù fún láptọ́ọ̀pù tuntun, pé ọjọ́ orí kò dí MIDI lọ́wọ́. Oṣù kìíní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin NAMM ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n so synth Prophet-600 ti Sequential Circuits mọ́ Jupiter-6 ti Roland, tí ọ̀kan sì gbọ́ ohun tí èkejì wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ méjì tó ń bára wọn du ọjà ló ṣe wọ́n. Dave Smith àti Ikutaro Kakehashi ni àwọn ènìyàn kà sí bàbá ètò náà. Èdè tí ẹ̀rọ méjèèjì yẹn sọ lọ́jọ́ náà ni kíbọ́ọ̀dù 88 yìí ṣì ń sọ nínú USB.

A wá wáyà ohùn méjì, a kì wọ́n láti apá òsì àti apá ọ̀tún synth sí ihò 1 àti 2 ti interface. Mo rí i dájú pé ihò méjèèjì wà lórí Line, kì í ṣe lórí ti gbohùngbohùn tàbí ti gìtá. Mo yí ohùn synth sókè dáadáa kí ariwo ṣìì ìdí rẹ̀ má bàa ga ju orin lọ, mo wá fi nọ́ọ̀bù interface dín in kù títí tí kọ́ọ̀dù tó le jù fi ń dúró ní nǹkan bíi -12 dB. Mo ṣí track kejì tó ń gbọ́ ihò 1 àti 2. Spíkà fọhùn.

Bí ẹni tó ki orí bọ ìkòkò

Ibi tó gba àkókò wa jù nìyí.

Ohùn náà jáde, ṣùgbọ́n ó rí bákan. Ó ṣófo nínú, bí ohùn ẹni tó ki orí bọ ìkòkò ńlá. Fèrè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nínú headphone tó dán bí omi wá ń dún bí fèrè onítìn. Àbúrò mi ní ó dà bíi pé méjì ń dún pọ̀. Etí rẹ̀ mú. Méjì ló ń dún pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi méjì ni irú ìdápọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lè wá. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ń dé ọ̀dọ̀ synth lẹ́ẹ̀mejì, kó máa tẹ nóòtì kan ní ìlọ́po méjì. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni synth kọrin, àwa là ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Létí, àwọn méjèèjì jọra púpọ̀. Àtúnṣe wọn kò jọra rárá, ẹni tó bá sì ń tún ọ̀nà MIDI ṣe nígbà tí ẹ̀bi wà lójú ọ̀nà ohùn lè lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀.

Headphone kan náà ló là wá. Tí a bá gbọ́ ohùn láti ihò headphone ti synth, a ti dúró sí ìkòríta ọ̀nà méjèèjì: iṣẹ́ ti dé, ohùn kò tíì kúrò nílé. Bó bá ti nípọn níbẹ̀, ọ̀nà MIDI ló ní ẹ̀bi. Bó bá mọ́ níbẹ̀, ọ̀nà ohùn ni. Mo ki headphone bọ̀ ọ́, mo tẹ kọ́ọ̀dù, ó mọ́ tónítóní.

Nítorí náà mo kọjú sí interface. Nọ́ọ̀bù kan wà níwájú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí ohùn tó ń wọlé lọ tààrà sí spíkà láìgba inú kọ̀ǹpútà. Ó wà ní ìdajì. Track kejì nínú REAPER náà sì ń gbé ohùn kan náà jáde, nítorí pé mo fọwọ́ ara mi tan monitor rẹ̀. Èyí tó gba ọ̀nà tààrà ń dé kíákíá. Èyí tó gba inú kọ̀ǹpútà ń pẹ́ díẹ̀: buffer rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí, wà lórí 128 sáńpùlù (ègé kéékèèké tí a gé ohùn sí), ìyẹn nǹkan bíi 2.9 mílísẹ́kọ́ńdì bí ègé bá jẹ́ 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́ẹ̀kan ní wíwọlé, lẹ́ẹ̀kan ní jíjáde. Ìyàtọ̀ bíi mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́fà kéré jù fún etí láti pè ní ohùn méjì. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa àwọn kan lára ìró náà rẹ́, ó sì ń gbé àwọn kan ga. Òun ló ń dún bí ìkòkò.

Èwo ni ká pa? Àwọn kan máa ń pa ti interface, kí wọ́n lè fi reverb (ìró bíi ti gbọ̀ngàn ńlá) inú REAPER gbọ́ ohùn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀. Èmi pa monitor ti track ohùn, mo fi ọ̀nà tààrà sílẹ̀. Synth tó wà lóde ti san owó ìdádúró lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀nà MIDI. Mi ò rí ìdí tó fi yẹ kó tún san án ní ọ̀nà ohùn. Àbúrò mi wá ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé a kò lè gbé buffer lọ sí 1024 kí kọ̀ǹpútà lè mí. Rárá o. Ìtẹ̀ kíbọ́ọ̀dù 88 ṣì ń gba inú REAPER kọjá kó tó dé synth, buffer yẹn náà ló sì ń gbà. Ní 1024 ó lé ní 23 mílísẹ́kọ́ńdì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ á tẹ̀ tán kí ohùn tó rántí pé wọ́n pe òun. Ó dúró ní 128.

A rò pé a ti parí. Àbúrò mi wá na ọwọ́ sí synth fúnra rẹ̀, ó tẹ kọ́ọ̀dù ńlá kan lókè, níbi tí kíì ti dára, ìkòkò sì padà dé. Èyí kò jọ ti àkọ́kọ́ tán: ó nípọn, ó ń yí bí afẹ́fẹ́, àwọn nóòtì tó ti kọ́kọ́ tẹ̀ sì ń gé kúrò kí àkókò wọn tó pé. Mo tún ki headphone bọ synth. Lọ́tẹ̀ yìí, ó nípọn níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀nà MIDI ló ní ẹ̀bi báyìí. Nígbà tí ó tẹ kíì synth, synth kọrin fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ó ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ó tún rán ìtẹ̀ kan náà jáde láti Out. Interface gbà á, track tí àbúrò mi ti yí padà sí "All MIDI Inputs" nígbà tí mo lọ mu omi gbọ́ ọ, ó sì dá a padà sí In ti synth, tí synth tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn 32 ni synth yẹn lè kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Nóòtì kọ̀ọ̀kan wá ń jẹ ìlọ́po méjì, 32 di 16, èyí tó ti pẹ́ jù lójú orin sì ń kú láti fi àyè sílẹ̀ fún tuntun.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà gé àyípoyípo yìí. A lè dá track padà sórí kíbọ́ọ̀dù 88 nìkan kó má gbọ́ synth mọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi fẹ́ràn táyà kékeré ẹ̀gbẹ́ synth tó fi ń tẹ ohùn sókè sísàlẹ̀, ó sì fẹ́ kí ìyẹn wọ inú gbígbà sílẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà mo wọ MIDI lójú synth, ojú ewé kejì, mo sì yí Local sí Off. Ohun tí Local ń ṣe ni pé ó so kíì synth mọ́ ohùn inú rẹ̀. Tí ó bá wà ní Off, kíì ń rán iṣẹ́ jáde nìkan, ohùn sì ń gbọ́ ohun tó bá gba In wọlé nìkan, bíi pé ẹ̀rọ méjì ni wọ́n. A tún tẹ̀ ẹ́. Ó mọ́.

Ohun tó sọnù lójú ọ̀nà

Fèrè kan wà tó fẹ́ràn jù. Ó ní lórí kíbọ́ọ̀dù tuntun kò "sunkún" mọ́. Mo tẹ́tí, òótọ́ ni, gbọ̀n-ọ̀n-gbọ̀n-ọ̀n tó máa ń wọ ìdí nóòtì gígùn ti lọ. Kì í ṣe ohùn ló bàjẹ́. Kíì synth àtijọ́ yẹn máa ń mọ̀ bí ìka bá tún tẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i lẹ́yìn tí kíì ti dé ìsàlẹ̀, aftertouch ni wọ́n ń pè é, fèrè náà sì ń fi ìtẹ̀ yẹn gbọ̀n. Kíbọ́ọ̀dù 88 kò ní in. Kíì wíwúwo, kíì púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ìka bá ti dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Mo wọ inú ohùn fèrè náà lójú synth, mo gba gbígbọ̀n kúrò lọ́wọ́ aftertouch, mo fi lé modulation lọ́wọ́, ìyẹn CC 1 (CC ni àṣẹ MIDI tó ń darí nǹkan yàtọ̀ sí nóòtì), tí táyà ẹ̀gbẹ́ kíbọ́ọ̀dù 88 ń rán. Ó ń sunkún padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló wá ń mú un sunkún. Àbúrò mi ní kò rí bákan náà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Yíyan ohùn kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Ó fẹ́ kí REAPER máa yan ohùn fúnra rẹ̀ bí orin bá bẹ̀rẹ̀, ó kọ 25, synth gbé 26. Ìdí ni pé MIDI ń kà láti 0 dé 127, synth tirẹ̀ sì ń kà láti 1 dé 128. Nọ́ńbà 128 yẹn náà kò tó fún gbogbo ohùn inú synth, nítorí náà a ní láti kọ́kọ́ rán CC 0 àti CC 32 láti sọ àgbájọ tí ohùn wà, kí nọ́ńbà ohùn tó tẹ̀lé e. Bí ẹ bá yí i po, tí nọ́ńbà ohùn ṣáájú, synth á gbé ohùn látinú àgbájọ àtijọ́, ẹ ó sì máa ṣépè fún un láìnídìí.

Gbígbà sílẹ̀

Ó tẹ orin náà. MIDI wọ track kìíní, ó rí i lójú, àwọn ìlà kéékèèké tó tò bí àkàbà. Nígbà tó gbọ́ ọ padà, ó dùn, torí REAPER ń rán àwọn ìlà yẹn padà sí synth, synth sì ń kọ wọ́n. Ó ṣe àtúnṣe, ó parí, ó tẹ Render, kí REAPER sọ gbogbo rẹ̀ di fáìlì orin kan. Fáìlì jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ìlù wà nínú rẹ̀, bass wà nínú rẹ̀. Synth kò sí.

Mo ti mọ̀ pé ibẹ̀ là ń lọ, mo fi í sílẹ̀ kó dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìlù àti bass ń gbé inú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì lè kọ orin ìṣẹ́jú mẹ́rin wọn ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nítorí pé ìṣirò lásán ni. Synth tó wà lóde kò lè kọ orin ìṣẹ́jú mẹ́rin ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ ní kíákíá. REAPER kò dúró dè é. Àti pé REAPER kò tíì gba ohùn tí a ń gbọ́ láti àárọ̀ sílẹ̀ rárá. Láti interface ló ti ń lọ sí spíkà. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni ìwé orin, kì í ṣe orin.

A tẹ bọ́tìnì pupa lórí track ohùn, a jẹ́ kí orin ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a jókòó, a kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin pé. Ìgbì ohùn hàn lójú track. Mo ní kó má pa MIDI rẹ́ o, kó kàn pa á lẹ́nu mọ́. Bí ó bá fẹ́ yí ohùn padà lọ́la, ìwé orin ṣì wà.

Ó kù díẹ̀. Àbúrò mi ní synth ń rìn lẹ́yìn ìlù díẹ̀. Mo ṣe ìdánwò kan: mo kọ nóòtì kan ṣoṣo sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀pá orin mẹ́rin (ọ̀pá ni ìpín kọ̀ọ̀kan tí a fi ń ka orin), mo yan ohùn tó ń bẹ́ kíákíá bí ìpàtẹ́wọ́, mo gbà á sílẹ̀, mo sì sún ojú mọ́ ọn. Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbì náà ń jìnnà sí ìlà ọ̀pá ní nǹkan bíi 353 sáńpùlù, ìyẹn mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́jọ. Kò tó nǹkan: ohùn spíkà tó wà ní mítà mẹ́ta sí ẹni ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ kó tó dé etí. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù tó dúró gán-ńgán, etí mọ̀ ọ́n. Apá kan jẹ́ àkókò tí synth fi ń ronú lórí iṣẹ́ tó gbà. Apá kan jẹ́ wáyà MIDI fúnra rẹ̀, nítorí pé nóòtì kọ̀ọ̀kan ń gba bíi mílísẹ́kọ́ńdì kan láti kọjá, wọn kì í sì í rìn pọ̀: ẹ tẹ nóòtì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀kẹwàá lè fi bíi mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá gbẹ̀yìn. Mo fa ohùn tí a gbà sílẹ̀ sí apá òsì ní 353 sáńpùlù. Ìlù àti fèrè dìjọ balẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà yẹn sára bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí synth.

Mo gba ilé mi lọ.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà kí fóònù tó dún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ó ti kú lóòótọ́ báyìí. Àwọn kíì tó dára gan-an kò dún mọ́."

"Nínú headphone ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀?"

"Rárá o, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo gbé e wá, a fẹ́ jọ ṣeré ni. Synth nìkan ni mo gbé dání."

Àwọn synth kan máa ń dá Local padà sí On fúnra wọn bí a bá pa wọ́n tí a tún tàn wọ́n. Èyí tirẹ̀ ń rántí ohun tí wọ́n bá sọ fún un. Mo ní kó wọ MIDI, ojú ewé kejì, kó ka ohun tó wà níwájú Local fún mi. Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ bọ́tìnì, tọ́-tọ́-tọ́. Ó dákẹ́. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ kọ́ọ̀dù kan nínú fóònù, gbàgàdà, pẹ̀lú àlàfo ní àárín níbi tí kíì mẹ́jọ yẹn wà.